Géèmù Tẹ́ń-Tẹ́ń Tó Ń Ṣe Òjóró

Títí di òní, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná, a máa tún un ṣe tó bá yá," ara mi á kọ́kọ́ gbóná kí n tó mọ ohun tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni alábàáṣiṣẹ́ mi fi ń tù mí lójú ní gbogbo ìgbà tí a jọ ń ṣe géèmù. Òun náà ló sìn mí dé ibi tí àwọn ọmọ tí kò tíì mọ aṣọ ara wọn fọ̀ ti ń pè mí ní Àǹtí Òjóró ní ojú títì Festac, tí mi ò sì lè lu ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé àwọn èèyàn ni. Íńtánẹ́ẹ̀tì, kafé lèèyàn ti ń lọ jókòó tì í. Èmi àti ọkùnrin kan tí a jọ dàgbà ní kílóòsì kan náà, òpópónà kékeré kan ní Festac, pinnu pé a máa ṣe géèmù tiwa, èyí tí ọmọ Èkó máa rí tí yóò mọ̀ pé ará ilé òun ló ṣe é. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn wa. Yàrá mi nílé àwọn òbí mi ni ọ́fíìsì, àga tí màmá mi fi ń já ẹ̀fọ́ ni mo ń jókòó lé. A jọ lọ sí yunifásítì, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà náà la jọ kà, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi ni. Kì í ṣe ọ̀rẹ́kùnrin mi o, mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ìyẹn túmọ̀ ìbínú mi.

Tẹ́ń-tẹ́ń la fi ṣe géèmù náà. Obìnrin tó bá dàgbà ní Èkó kò nílò àlàyé, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin náà ń ka ìtàn yìí. Ọmọbìnrin méjì á kọjú síra wọn, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa fò. Níbi tí àtẹ́wọ́ bá ti já, kálukú á na ẹsẹ̀ kan síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á ti pín in kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: bí ẹsẹ̀ wọn bá pàdé, ọ̀kan ló jẹ, bí kò bá pàdé, ìkejì ló jẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ mẹ́wàá ló borí. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀rẹ́ méjì tó torí ẹ̀ yan ara wọn lódì títí họlidé fi parí.

A pín iṣẹ́. Èmi ni mo ya àwọn ọmọ inú rẹ̀, èmi ni mo kọ kóòdù tó ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn rìn, èmi ni mo kọ orin, ohùn mi sì ni kọ̀ǹpútà fi ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ, á pariwo pé, "Mo jẹ ẹ́!" Bí ó bá borí, á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Lọ kọ́ ọ wá!" Mo ki orí bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kí n tó gba ohùn yẹn sílẹ̀, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì má bàa wọ̀ ọ́. Òun ní tirẹ̀ kọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, ìyẹn bí yóò ṣe máa pinnu ẹsẹ̀ tí yóò nà.

Nígbà tí a parí, a gbé e lọ bá Alhájì kan ní Trade Fair, ará Ìsẹ́yìn, tó ń ta ìwé àti ohun èlò ilé-ìwé. Wọ́n gbà láti bá wa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí síídì, kí wọ́n sì máa tà á fún àwọn oníbàárà wọn. Ó tà. Ó dé kafé ní Kúje tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac, ó dé Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá. Lọ́jọ́ kan mo yà sí ṣọ́ọ̀bù láti ra káàdì fóònù, mo gbọ́ ohùn ara mi láti ẹ̀yìn káńtà pé, "Lọ kọ́ ọ wá!" Mo rẹ́rìn-ín délé. Ẹ̀rín ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ni mo rí rín lórí géèmù náà fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn ọmọbìnrin méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ló kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ wá. Ẹ̀gbọ́n ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, àbúrò ṣì ń pààrọ̀ eyín. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú ojú tí èèyàn fi ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Àǹtí, ẹ káàsán mà. Kọ̀ǹpútà yín ń ṣe òjóró."

"Òjóró báwo?"

"Ó ń dúró wo ẹsẹ̀ wa," ni àbúrò wí.

Nínú tẹ́ń-tẹ́ń, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá fà sẹ́yìn díẹ̀, tó jẹ́ kí tìrẹ kọ́kọ́ balẹ̀ kó tó mú ẹsẹ̀ tí yóò fi jẹ ọ́, òjóró gidi nìyẹn. Bí wọ́n bá mú un, eré á dúró. Gbogbo àwọn tó ń wòran á dá sí i, olójóró á rojọ́, á búra, bó bá sì jẹ̀bi, wọ́n á yọ kúrò nínú ohun tó ti jẹ. Inú bí mi sí àwọn ọmọ náà. Mo ní ẹni tó bá fìdí rẹmi ló máa ń sọ pé wọ́n ṣe òjóró fún òun, mo sì ní kí wọ́n lọ kọ́ ọ wá, gẹ́gẹ́ bí ohùn mi ti sọ.

Wọ́n lọ, ọ̀rọ̀ náà ò lọ. Ní kafé Kúje, àwọn ọmọ ń sọ ọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, ó ní ọmọ òun ń sunkún, ṣé irú ohun tí ó yẹ kí ọmọ Ọlọ́run máa ṣe jáde nìyẹn? Lẹ́yìn náà ni orúkọ dé. Mo ń lọ ra búrẹ́dì, mo gbọ́ "Àǹtí Òjóró" lẹ́yìn mi. Mo yíjú padà, gbogbo wọn ń wo òkè bí ẹni pé ẹyẹ ló sọ̀rọ̀.

Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo mọ tẹ́ń-tẹ́ń ṣe débi pé àwọn ọmọ kílóòsì míì ń wá bá mi, kò sì sí ẹni tó mú mi rí pé mo dúró wo ẹsẹ̀. Nísinsìnyí, ohùn mi ni wọ́n fi ń jẹ wọ́n, ohùn mi ni wọ́n fi ń yọ̀ wọ́n. Ẹni tó kọ ọpọlọ kò lóhùn nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó ń pè é ní nǹkan kan.

Kò pẹ́ tí Alhájì fi ránṣẹ́ pé síídì ti tán, pé àwọn fẹ́ ṣe ẹ̀dà kejì, kí a mú èyí tó pé wá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀dà kejì yìí ni ọ̀rọ̀ wá wà lé lórí. Nígbà yẹn, kò sí pé à ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì rán àtúnṣe tẹ̀ lé géèmù délé oníbàárà. Ohun tó bá wà lórí síídì ló wà níbẹ̀ títí síídì fi máa fọ́. Bí òjóró bá fi lè wọ ẹ̀dà kejì, orúkọ mi ti lọ nìyẹn.

Mo pe alábàáṣiṣẹ́ mi, mo ní kó wá ká jọ wò ó. Ó wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí òjóró ló ṣe wá. Géèmù tó kàn ló wà lórí rẹ̀. Pẹnárítì ni, bọ́ọ̀lù, ìwọ á gbá, gólíkípà á mú. Màmá mi bu ìrẹsì fún un, ó sì ń fi ṣíbí ya òpó gólì sínú ìrẹsì náà kó lè fi hàn mí bí yóò ṣe rí. Mo ń sọ ti ẹsẹ̀, ó ń sọ ti nẹ́ẹ̀tì. Mo sọ fún un pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó ní kò sí ẹ̀tẹ̀ kankan, àwọn ọmọbìnrin kàn fẹ́ràn ẹjọ́ ni, kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná, a máa tún un ṣe tó bá yá.

Mo dúró kó jẹun tán kó lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí kóòdù tó kọ, tí mi ò tíì kà rí nítorí pé mo fọkàn tán an. Kò fi nǹkan kan pamọ́, ìyẹn gan-an ló mú kí orí mi gbóná. Ó wà níbẹ̀ gbangba. Láti ìpele kẹta lọ sókè, kọ̀ǹpútà á dúró kí ọmọ tẹ bọ́tìnì tirẹ̀, á wo èyí tó tẹ̀, á wá na ẹsẹ̀ tó máa fi jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ yẹn ti fi ojú lásán rí ohun tí èmi tí mo gba oyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ò rí. Mo tẹ̀ ẹ́ láago lójú ẹsẹ̀.

"O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

"Kí ni?"

"Kọ̀ǹpútà ń dúró wo ẹsẹ̀ wọn!"

"Ẹn-ẹ́n. Lẹ́fẹ̀ẹ̀lì kẹta nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ le ni."

"Òjóró nìyẹn!"

"Àbẹ̀gì, jọ̀ọ́. Kọ̀ǹpútà ni. Ṣé kọ̀ǹpútà ń ṣe òjóró ni? Gólíkípà náà, bó ṣe máa ṣe é nìyẹn. Ó máa wo ibi tó o gbá a sí, ó máa fò síbẹ̀. Àwọn bọ́ìsì ò ní wá sunkún lẹ́nu ọ̀nà ẹ."

Ọkùnrin yìí dàgbà ní kílóòsì wa. Ògiri tí àwọn ọmọkùnrin ń fara tì tí wọ́n bá ń wò wá, ó wà níbẹ̀. Ó ti rí tẹ́ń-tẹ́ń ju ẹgbẹ̀rún lọ, kò sì fo ẹyọ kan rí láyé rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló rí. Gbogbo ẹjọ́ tó ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀, ariwo lásán ni létí rẹ̀. Mo bú u títí káàdì fi tán lórí fóònù mi, mo sì ju fóònù náà sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ o," ni màmá mi wí láti kíṣíìnì. Mo bínú sí àwọn náà.

Mo yọ kóòdù rẹ̀ kúrò. Mo kọ òmíràn, tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa mú ẹsẹ̀ láìwo ẹnikẹ́ni, bí ẹni ń ju owó kọ́bọ̀ sókè. Òdodo pọ́nńbélé. Mo pe àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ wá, mo gbé wọn jókòó, mo fún wọn ní bisikíìtì, mo ń retí kí wọ́n bẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n ṣe é, ó borí. Àbúrò ṣe é, ó borí. Wọ́n tún un ṣe. Nígbà tó yá, àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í wo bisikíìtì ju kọ̀ǹpútà lọ.

"Àǹtí, ẹ bá wa gbé ti tẹ́lẹ̀ síbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ti tẹ́lẹ̀ wo?"

"Èyí tó ń ṣe òjóró."

Ẹ gbà mí. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ń pariwo mi kiri sí nígbà náà, kí ni wọ́n ń sọ mí lórúkọ sí. Wọ́n wo ilẹ̀. Àbúrò ló dáhùn, pẹ̀lú bisikíìtì lẹ́nu: "A fẹ́ mú un ni."

Mo gbé ti tẹ́lẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún àlejò tó ní ọbẹ̀ òun ò dùn. Mo sì dúró lẹ́yìn wọn, mo ń wò. Nígbà tí wọ́n dé ìpele kẹta, ẹsẹ̀ kọ̀ǹpútà fà sẹ́yìn díẹ̀, ó wò, ó jẹ. Àwọn méjèèjì fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n nàka sí i, "Òjóró! O wò ó! O wò ó!" Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, wọ́n dúró. Wọ́n ń retí kí ó fèsì. Kọ̀ǹpútà ò fèsì. Ó ní, "Mo jẹ ẹ́!" ó sì bẹ̀rẹ̀ orin òmíràn, wọ́n sì tún jókòó pẹ̀lú ojú tó korò.

Ohun tó ń bí wọn nínú nìyẹn. Kì í ṣe pé ó ń ṣe òjóró. Ta ni kì í ṣe é nínú tẹ́ń-tẹ́ń? Wọ́n mú un, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ wọn. Lójú títì, bí o bá pariwo òjóró, eré gbọ́dọ̀ dúró. Níhìn-ín, wọ́n lè pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun wọn á fi ya, orin á kàn máa lọ. Mo mọ irú ìbínú yẹn dáadáa, òun ni mo ti ń bá sùn tí mo ti ń bá jí látìgbà tí mo ti pe ọkùnrin yẹn lórí fóònù.

Mo dá kóòdù rẹ̀ padà. Ó dùn mí wọra láti ṣe é. Ṣùgbọ́n mo fi bọ́tìnì kan kún un, bọ́tìnì gígùn ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù. Bí o bá rí i pé ẹsẹ̀ kọ̀ǹpútà fà, kí o gbá bọ́tìnì yẹn. Eré á dúró. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ sẹ́, nítorí kò sí olójóró tó máa kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni o mú un, á padà gbà, a ó sì yọ kúrò nínú ohun tó ti jẹ. Bó bá jẹ́ pé o parọ́ mọ́ ọn, tìrẹ la máa yọ. Mo tún wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ láti gba ohùn tuntun sílẹ̀. Mo ń pariwo láàárín àwọn aṣọ pé, "Irọ́ ni! Mi ò wò ó! Ọlọ́run ń gbọ́!" Màmá mi ṣí yàrá, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Jésù," wọ́n sì ti ilẹ̀kùn padà.

Iṣẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n ya wèrè. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Mo gbé e lọ sí kafé ní Kúje, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń mí bí arúgbó tó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, gbogbo ẹsẹ̀ ló ń fà, èyí tó ń wò àti èyí tí kò wò. Àwọn ọmọ á mú un níbi tí kò ti jẹ̀bi, a ó sì yọ tiwọn. Òjóró tuntun nìyẹn, èyí tí èmi fọwọ́ ara mi ṣe. Mo padà sílé, mo tún un kọ kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ lé àtẹ́wọ́ dípò kó máa tẹ̀ lé ìyára kọ̀ǹpútà. Iná lọ. Iná dé. Mo tún lọ sí Kúje. Ní gbogbo ìgbà yẹn, alábàáṣiṣẹ́ mi ò yọjú. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè bóyá ewé tútù ni kí á fi ṣe àwọ̀ pápá bọ́ọ̀lù tàbí ewé gbígbẹ. Mi ò dá a lóhùn, nítorí ohun tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe ohun tí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ ránṣẹ́.

Ní Sátidé, mo gbé síídì mi, ó di Trade Fair. Mo dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Alhájì, mo gbọ́ ohùn alábàáṣiṣẹ́ mi nínú ilé. Ó ti dé ṣáájú mi. Ó ń mu mínírà, síídì tirẹ̀ wà lórí tábìlì, géèmù àkọ́kọ́ láìtún un ṣe rárá.

"Ó ti parí, Alhájì," ni ó ń wí. "Ọmọ yẹn kàn ń yàwòrán fún mi ni. Àwòrán náà sì ti pé tipẹ́. Ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Pé mò ń yàwòrán fún òun! Mo rò pé mo máa pariwo, ohùn ò jáde. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí Alhájì, mo sì gbé síídì tèmi lé tirẹ̀ lórí.

"Síídì méjì fún géèmù kan?" ni Alhájì wí. "Èwo ni kí n mú níbẹ̀ báyìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ọwọ́ ara yín dán méjèèjì wò."

"Alhájì, ẹ má dá a lóhùn," ni alábàáṣiṣẹ́ mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àtúnṣe ni iṣẹ́ tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ dúró dè é, ọdún á yípo."

Alhájì wọ awò ojú wọn, wọ́n fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Ó yà mí lẹ́nu pé ọwọ́ wọn yá. Wọ́n jẹ díẹ̀, wọ́n dé ìpele kẹta, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n léraléra. Nígbà tí ohùn mi wí pé, "Lọ kọ́ ọ wá!" wọ́n yọ awò.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?" ni wọ́n bi kọ̀ǹpútà. Wọ́n yíjú sí wa. "Ọmọ yìí ń dúró wo ọwọ́ mi kó tó ṣe tiẹ̀."

Alábàáṣiṣẹ́ mi wo mínírà rẹ̀. Mo fi tèmi sí i, mo sì fi bọ́tìnì gígùn hàn wọ́n. Nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀ǹpútà fà, Alhájì gbá bọ́tìnì náà bí ẹni pa ẹ̀fọn. Eré dúró. Ohùn mi ké pé, "Irọ́ ni! Mi ò wò ó! Ọlọ́run ń gbọ́!" Alhájì fò dìde. "Ẹ gbọ́ irọ́!" Wọ́n ń pe ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ kí ó wá wo ẹlẹ́tàn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ó dáa, mo jẹ̀bi," Alhájì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di tábìlì mú. Wọ́n tún jókòó, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á tún ti mú un.

"Èyí ni a máa ṣe," ni wọ́n wí, láìgbójú kúrò níbẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ó sì fẹ́ dùn lóòótọ́, ká ní ẹnìkan dákẹ́.

"Ṣé ẹ rí i, Alhájì?" ni alábàáṣiṣẹ́ mi wí. "Ọpọlọ tí mo kọ ló ṣì wà nínú ẹ̀. Ohun tí mo ní lọ́kàn látilẹ̀ nìyẹn."

"Kí lo ní lọ́kàn?" Ohùn mi ti padà dé, ó sì dé pẹ̀lú àwọn ará rẹ̀. "Ìwọ tó o ní kọ̀ǹpútà kì í ṣe òjóró? Wọ́n ń pè mí lórúkọ kiri Festac, o ní wọ́n fẹ́ràn ẹjọ́. Mò ń sáré lọ sí Kúje lójoojúmọ́, ìwọ ń fi ṣíbí ya bọ́ọ̀lù sínú ìrẹsì màmá mi! Ohun tó o ní lọ́kàn wà lórí síídì tó o gbé wá yẹn. Ṣé kò sí níbẹ̀ ni?"

"Kí ló wá tó ìbínú níbẹ̀ báyìí? Ṣebí ó ti dáa. Ká fi èyí sílẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ ti bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wàá ya pápá, wàá ya gólíkípà..."

"Mi ò yà á. Mi ò ṣe é mọ́. Lọ wá ẹni tó máa yàwòrán fún ẹ."

Alhájì gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n mu omi, ó ṣì ku ohun tí a máa kọ sára páálí síídì, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ń bọ̀ wá gbà á nírọ̀lẹ́ yẹn. Mo ní ẹ ṣeun sà, kí wọ́n kọ ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Mo jáde. Ọ̀kadà àkọ́kọ́ tó dúró ni mo gùn, mi ò tilẹ̀ dúnàá dúrà, inú mi sì dùn ní gbogbo ọ̀nà pé mo ti fi í sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ ní ṣíṣí.

Ẹ̀dà kejì jáde. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí mo bá ń kọjá ní ìrọ̀lẹ́, mo ń gbọ́ ohùn mi láti ojú fèrèsé àwọn èèyàn, tó ń sẹ́, tó ń búra, tó ń jẹ́wọ́, àti ọmọ tó ń hó lé e lórí. Kò sí ẹni tó pè mí ní Àǹtí Òjóró mọ́. Èmi náà ti ń ronú géèmù tó kàn, èyí tí mo máa dá ṣe. Súwẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe é, mo sì jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ilé rẹ̀ sílẹ̀ láti mọ bí yóò ṣe gba ojú kọ̀ǹpútà, nígbà tí àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ gbé páálí síídì tuntun wá fi hàn mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí páálí náà nìyẹn.

Orúkọ alábàáṣiṣẹ́ mi ló wà lókè, gàdàgbà gadagba, pé òun ló ṣe é. Orúkọ tèmi wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́: àwòrán àti ohùn. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Mo pè é. Ó ní èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ohun tó bá wù wọ́n, Alhájì sì gbọ́ ọ. Mo pe Alhájì. Wọ́n bẹ̀ mí gan-an, wọ́n ní ohun tí ọ̀rẹ́ mi pè ni àwọn kọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ jáde.

Àbúrò dúró tì mí ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń pariwo lórí fóònù. Nígbà tí mo dákẹ́, ó gba páálí náà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka tọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Àǹtí, ta ló wá ṣe bọ́tìnì tá a fi ń mú un?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò ní kí wọ́n kọ ọ́ síbí?"

"Mo ti bínú lọ sílé," ni mo sọ fún un, "nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́."